Ìdérí Tó Ń Béèrè Ìdí

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tún wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ohun tí ẹ ń kàn mọ́ mi lára yìí ti ń di ilé."

Ràímì wẹ́dà gbé sípánà rẹ̀ sókè, ó sún sẹ́yìn. Mosúnmọ́lá, tó ti jókòó sórí táyà ògbólógbòó lábẹ́ igi máńgòrò láti òwúrọ̀, fò dìde.

"Ilé wo?" ló pariwo. "Páìpù mẹ́rin àti tapólì kan! Ṣé ìwọ ti rí ilé rí láyé ẹ?"

"Ẹ má bínú, Màmá." Ohùn obìnrin tó tutù ni wọ́n fi sí ìdérí náà lẹ́nu, irú ohùn tí ìyàwó ilé fi ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ nígbà tí kò ní ṣe ohun tí ìyá ọkọ wí. "Ibi tí ènìyàn bá ti lè na ẹsẹ̀ sùn lábẹ́ òrùlé, ilé ni. Òfin sì ni pé ilé kì í rìn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdí ìrìnàjò yín?"

Ìbéèrè yẹn náà nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé ni nǹkan tí kò lójú tí kò nímú yìí ti ń bi í ní ìbéèrè kan náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú sùúrù, títí inú Mosúnmọ́lá fi ń ho. Ká ní ó ń bú u ni, ì bá mọ bí òun ṣe máa bú u padà.

"Mo ti sọ fún ẹ. Irúgbìn igi ni mo fẹ́ kó lọ sí Òkè-Ìrọ̀rùn."

"Mi ò rí irúgbìn kankan, Màmá. Àgọ́ ni mo rí, àti fóòmù, àti sítóòfù, àti kẹ́ẹ̀gì omi."

"Irúgbìn ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ó dáa, Màmá. Màá máa retí ẹ̀."

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ni etí rẹ̀ gbọ̀n yíká. Àwọn ìdè irin tí Ràímì ti ń fún mọ́ ọn láti àárọ̀ já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kárìà tí wọ́n gbé lé e lórí yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó ṣubú gbàgà sílẹ̀. Ìgbà tí ariwo irin yẹn lọ sílẹ̀ tán, ìdérí náà ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́ o.

"Yọ ọ́ kúrò," ni Mosúnmọ́lá wí. "Yọ nǹkan burúkú yìí kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mi, kí o jù ú sí kòtò."

Ràímì rẹ́rìn-ín. "Ìyá Jádé, tí mo bá yọ ọ́, kí ló máa mu oòrùn fún ọkọ̀? Ṣé ẹ máa tì í dé Òkè-Ìrọ̀rùn ni?"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì tún bí obìnrin náà nínú jù. Ìdérí dúdú tó ń dán náà ló ń mu oòrùn tí ọkọ̀ fi ń rìn. Òun ló ń ṣọ́ ọ̀nà, òun ló ń gbọ́ràn, òun náà ló tún ń dájọ́. Nígbà tí Mosúnmọ́lá ra píkọ́ọ̀pù yìí láti máa fi kó irúgbìn igi kiri, ẹni tó tà á fún un fọwọ́ lu ìdérí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ó gbọ́n o, Màmá." Mosúnmọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń kìlọ̀ fún òun ni.

Ohun tó sì ń fẹ́ kò tó nǹkan. Kárìà onípáìpù ló fẹ́ kí wọ́n kàn sórí ìdérí náà, kí àgọ́ wà lórí rẹ̀ tí yóò máa ṣí bí agbòòrùn, kí kẹ́ẹ̀gì omi wà lápá ọ̀tún, kí sítóòfù wà lápá òsì níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa paná. Ó ti fi igi yà á sílẹ̀ fún Ràímì. Àwọn arúgbó máa ń sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà láyé àtijọ́, pé àwọn ènìyàn a máa wà á wọ inú igbó lọ gbafẹ́, wọ́n á sun oorun ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á wá padà sílé. Mosúnmọ́lá kì í lè gbọ́ ìtàn yẹn kó má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó nílé, tó wá lọ ń sùn nígbó fún fàájì!

"Àwọn ará etíkun ló kó bá wa," ni Ràímì wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn nọ́ọ̀tì tó fọ́n ká. "Bàbá mi ní nígbà tí òkun lé wọn débí, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi, wọ́n á fi tapólì bo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di ilé. Wọ́n ṣègbéyàwó níbẹ̀, wọ́n sìnkú síbẹ̀. Ìgbà tí Ìgbìmọ̀ Omi ní kí wọ́n ṣí kúrò, wọ́n ní ilé bàbá àwọn nìyẹn. Òfin Ilé-Kì-í-Rìn ò tíì sí nígbà yẹn."

"Ṣé ará etíkun lèmi ni?"

"Ìdérí ò mọ̀yẹn, Ìyá Jádé. Àgọ́ ló rí." Ó kó nọ́ọ̀tì sínú agolo, ó wá wo obìnrin náà lójú. "Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ síbẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò kúkú sùn nílé ọmọ yín?"

"O ò tíì dé Òkè-Ìrọ̀rùn rí nìyẹn. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ẹ̀ṣọ́ omi á máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa ka orí. Orí tó bá lé nínú ilé kan, omi ilé yẹn ni wọ́n máa tì. Ojoojúmọ́ ni gbogbo àlejò ń jáde sí pápá tó wà lẹ́yìn odi. Tó o bá ní ibi tí wàá sùn, tó o ní omi tí wàá mu, kò sẹ́ni tó máa dà ẹ́ láàmú. Tó ò bá ní, wọ́n á ní kó o máa lọ."

"Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò?"

"Ó máa pẹ́ díẹ̀," ni Mosúnmọ́lá wí, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ràímì retí kí obìnrin náà sọ èyí tó kù. Kò sọ ọ́. Ọkùnrin náà ní òun ní ọgbọ́n kan lórí tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ìdérí náà rárá. Òun á jó ẹsẹ̀ irin mọ́ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀, kárìà náà á wá dúró lórí ìdérí láì kàn án, bíi tábìlì tí wọ́n gbé lé orí ẹni tó sùn. "Kò ní pẹ́," ló wí. Ó wá lọ kírun. Ibi tó ti kírun ló ti lọ jẹun, ibi tó ti ń jẹun ni ẹnìkan ti wá pè é kó wá wo géètì kan tó wọ́. Mosúnmọ́lá jókòó padà sórí táyà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó mú ẹni tó ń jẹ òun níyà jù nínú ọ̀sẹ̀ yìí, láàárín Ìgbìmọ̀ Omi tó fòfin de ọkọ̀ àti Ràímì tí gbogbo nǹkan kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá mú.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kò lè sọ ni pé Jádesọ́lá ọmọ rẹ̀ lóyún, oyún náà sì ti dàgbà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Jádé ti lóyún tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló bàjẹ́. Ti àkọ́kọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ fi ayọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ, wọ́n gbàdúrà lé e lórí níwájú ọ̀pọ̀ èrò. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọkọ rẹ̀ kò lè pa á mọ́ra, ó sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Dókítà ní ẹnu ayé kọ́ ló fà á, pé ilé ọmọ ni kò lágbára tó. Jádé ní òun gbọ́, àmọ́ èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ títí ọmọ á fi ké. Mosúnmọ́lá fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Ìyá tirẹ̀ kò ka oṣù oyún sétí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn méjèèjì kì í tilẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù. "Ṣé ara le?" "Ara le, Màmá." Ìyẹn náà ti tó.

Ó fẹ́ wà níbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ó fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun ló máa wẹ ọmọ náà láàárọ̀ lálẹ́, kó fi omi gbígbóná tẹ ikùn Jádé bí wọ́n ṣe tẹ tirẹ̀, kó gbé ọmọ jó kó tó sùn. Tílẹ̀ bá ṣú, yóò jáde lọ sí pápá, yóò sùn nínú àgọ́ rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, yóò tún wọlé. Láìsí àgọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á jẹ́ kó fojú kan ọmọ náà, wọ́n á ní kó máa padà sí Ìṣẹ́yìn. Ta ni yóò wá wẹ ọmọ?

Òfin náà kò sì burú tó bẹ́ẹ̀. Ó fàyè sílẹ̀ fún ohun mẹ́ta: àìsàn, ìsìnkú àti ìbímọ. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, kó sọ ọ́ fún ìdérí ọkọ̀ rẹ̀ ni, ìdérí á gba kárìà, á gba àgọ́, á gba ohun gbogbo. Ohun tó so mọ́ àyè náà ló burú.

Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ìdérí tún sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó ga, ó le. Gbogbo ọkọ̀ tó wà ládùúgbò, láti ṣọ́ọ̀bù Ràímì dé ìdí ẹ̀rọ ọlọ́gì, sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbọ́ o. Ọkọ̀ kan ń kọjá lọ sí Kíṣí pẹ̀lú àgọ́ lórí. Ìdí: ìsìnkú. Olóògbé ni Ọ̀gbẹ́ni Akínṣọlá, àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á. Ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, kó sọ ọ́."

Àwọn obìnrin méjì tó ń kọjá dúró. Ọ̀kan ní kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere. Èkejì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àìsàn ẹ̀dọ̀? Ògógóró ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ báyìí?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín lọ. Mosúnmọ́lá wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yí kọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ṣe orúkọ Jádé náà nìyẹn, pẹ̀lú iye oṣù oyún tó wà nínú rẹ̀.

Ó súnmọ́ ọkọ̀ náà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ orí ba bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí fún ọ̀rẹ́.

"Tí mo bá sọ ìdí náà fún ìwọ nìkan ńkọ́?"

"Màmá, ìdí tí mo bá gbọ́, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Òun ni kì í jẹ́ kí irọ́ ráyè wọlé."

"Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́?"

"Òótọ́ kì í bẹ̀rù etí, Màmá."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ọ̀rọ̀ rádaràda yẹn?" ni Mosúnmọ́lá wí, ó sì fọwọ́ gbá ìdérí náà. Ọwọ́ dùn ún. Ìdérí náà kí i pẹ̀lẹ́.

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe Jádé lórí fóònù. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

"Ṣé ara le?"

"Ara le, Màmá." Ohùn rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì lọ́ra. "Ẹ̀yìn ló kàn ń ro mí díẹ̀. Ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

"Ìdérí yìí ò gbà fún wa. Jádé, gbọ́ mi. Ṣé kí n kúkú sọ ọ́ fún un? Kí n sọ ọ́, kí n tètè dé?"

Mosúnmọ́lá gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń mí.

"Màmá, ẹ ò gbọdọ̀. Ẹ ti bá mi débí. Oṣù kan péré ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀nà míràn."

"Mo gbọ́. Mi ò ní sọ ọ́."

"Ẹ ṣèlérí."

"Mo ní mi ò ní sọ ọ́, Jádé!"

Ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun jágbe mọ́ ọmọ náà. Ó fẹ́ pè é padà, àmọ́ Ràímì ti dé, ó ń nu ẹnu, ó ń bi í pé ṣé kò pẹ́ jù. Ọkùnrin náà gbé gíláàsì dúdú sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó irin.

Ká sọ tòótọ́, nígbà tí Ràímì bá jókòó ti iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jó ẹsẹ̀ irin sí igun ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi páìpù so wọ́n pọ̀ lókè, ó fi rọ́bà sáàárín kí irin má baà kan ìdérí. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù inú ọkọ̀ sílẹ̀ kó lè rí ibi tó fẹ́ gbá bóòtì gbà. Ó ń gbé àpò ń gbé ìkòkò, ló bá gbé ìkòkò ńlá kan tí ọmọrí rẹ̀ kò dé dáadáa. Ọmọrí yẹn ṣí. Kànrìnkàn tuntun ló wà níbẹ̀, àti òrí nínú ike, àti ọṣẹ dúdú, àti aṣọ funfun tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti ká jọ ní wẹ́wẹ́.

Ràímì wò ó. Mosúnmọ́lá wo Ràímì. Ẹni tó bímọ tó wẹ̀mọ lọ́dọ̀ wa, kò sí bí yóò ṣe rí ẹrù yẹn tí kò ní mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ọkùnrin náà dé ọmọrí náà padà, ó gbé ìkòkò náà sórí àga iwájú, ó rọra fi àpò kan há a kó má baà yí.

"Ọlọ́run á ṣe é ní rere, Ìyá Jádé," ló wí.

"Àmín."

Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n sọ. Àwọn méjèèjì mọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì ní sọ ọ́ jáde. Ìdérí nìkan ni kò mọ̀, òun nìkan ló sì yẹ kó mọ̀.

Ìgbà tó yá, Ràímì sọ̀rọ̀, ó ń wo iná tó wà lẹ́nu irin. "Ọkọ àbúrò mi náà ní irú wàhálà yìí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó sọ ìdí fún ìdérí tiẹ̀. Wọ́n kéde ẹ̀. Kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀."

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Àìsàn ni tiẹ̀?"

"Rárá. Èyí tó kù ni."

Ó wu Mosúnmọ́lá kó bi í pé ṣé ọmọ náà wà láàyè, ṣé ó ti ń rìn. Àmọ́ bó bá béèrè, ó ti dà bí ẹni tó sọ ọ́. Ó gbé ojú sókè wo ewé máńgòrò. "Ṣe iṣẹ́ ẹ," ló wí.

Wọ́n gbé kárìà lé àwọn ẹsẹ̀ náà, wọ́n fún gbogbo bóòtì, wọ́n na àgọ́ lé e lórí. Kò kan ìdérí. Kódà, ènìyàn lè ti ọwọ́ bọ àárín wọn. Mosúnmọ́lá dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń retí. Ìdérí kò sọ nǹkan kan. Inú obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí dùn, Ràímì pàápàá ti ń nu ọwọ́ pẹ̀lú àkísà bí ẹni tó fẹ́ gba oríyìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìdérí wí. "Màmá, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ mi lójú. Kí ló bo oòrùn?"

"Kùrukùru ni," ni Ràímì sáré wí.

"Kùrukùru kì í ní ẹsẹ̀ irin. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdí ìrìnàjò yín?"

Mosúnmọ́lá kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, ẹkún ìbínú ni, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tò lẹ́nu ènìyàn. Ó bú ìdérí náà, ó bú ẹni tó ṣe é, ó bú òkun tó jáde níbi tí wọ́n fi í sí. Ìdérí náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí títí wọ́n á fi gbé ilé náà kúrò lórí òun.

Ràímì ní kó lọ sinmi. Ó ní òun á tún un tú, òun á fi nẹ́ẹ̀tì dípò páìpù àárín kí oòrùn lè ráyè kọjá, àgọ́ á sì wà nínú àpò bí ẹrù lásán. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, gbogbo ẹ̀ á ti parí, kò ní pẹ́. Ó rẹ Mosúnmọ́lá débi pé kò lè jà mọ́. Ó lọ sílé. Ó pe Jádé, fóònù rẹ̀ kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ti mú dáadáa kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Kárìà náà ṣì wà nílẹ̀. Ràímì jókòó tì í, ó ń fi wáyà hun nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì. Mosúnmọ́lá la ẹnu láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tó ti ń tò pọ̀ láti òru. Kò ráyè sọ ọ́.

Ohùn ìdérí ga. Ti gbogbo ọkọ̀ tó wà ládùúgbò ga pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ń retí ọkọ̀ kan láti Ìṣẹ́yìn ní Òkè-Ìrọ̀rùn. Ìdí: ìbímọ. Aláboyún ni Jádesọ́lá, ọmọ Mosúnmọ́lá. Oyún oṣù mẹ́jọ ni. Ìrọbí ti mú un láti àná. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìdí náà fún ìdérí ọkọ̀ kan níbẹ̀. Ó ní kí ìyá òun máa bọ̀ kíákíá. Ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, kó sọ ọ́."

Ẹnìkan pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ọlọ́gì pé, "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ!" Àwọn tó wà lójú títì ní àmín. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lánàá wà níbẹ̀, àmín tiwọn ló sì ga jù.

Mosúnmọ́lá kò ṣe àmín. Láti àná. Ẹ̀yìn ló kàn ń ro mí díẹ̀. Ìrọbí ló ti mú ọmọ náà nígbà tí òun ń jágbe mọ́ ọn pé òun ò ní sọ ọ́, òun tí òun ti bímọ, tó yẹ kí òun ti gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni òun fi pa ẹnu mọ́ kí ẹnu ayé má baà kan Jádé, Jádé fúnra rẹ̀ ló wá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é sójú títì, nínú ìrora, nítorí kò rí ìyá rẹ̀. Ká ní òun ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé ni, òun ì bá ti wà lẹ́nu odi láti ìjẹta. Inú bí i sí Jádé, inú bí i sí òfin, inú bí i sí ara rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ó ń wá ìkan nínú wọn tó lè gbá létí, kò rí.

"Ẹ kú oríire, Màmá," ni ìdérí wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó tutù. "Ẹ lè kan ohunkóhun tó bá wù yín mọ́ mi báyìí. Mo ti gba ilé yín."

Ràímì ti gbé kárìà sáàárín apá, nẹ́ẹ̀tì ń fà tẹ̀lé e nílẹ̀. "Ó ti gbà! Ìyá Jádé, ó ti gbà! Ẹ jẹ́ kí n gbé e sí i, ẹ dúró, kò ní pẹ́!"

Mosúnmọ́lá ti wọlé sí iwájú ọkọ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó mí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí.

"Ìyá Jádé!" Ràímì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé àpò àgọ́ sórí èjìká. "Àgọ́ yín! Ẹ gba àgọ́ yín! Níbo lẹ máa sùn?"

"Ta ló fẹ́ sùn?" ni Mosúnmọ́lá wí, ó sì tẹ iná ọkọ̀ náà dé ìsàlẹ̀.